Kí wọ́n tó fa eyín yín yọ, ẹ béèrè nípa egungun tó dì í mú

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn Yorùbá tó fi ìlú Abidjan ṣe ibùgbé sọ rèé.

Mo mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò pọ̀ nínú yín, ẹ sì gbọ́ Faransé jù mí lọ. Tí mo bá ṣì í pè, ẹ forí jì mí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fa eyín ẹ̀yìn kan yọ lẹ́nu mi. Ìrora lọ, mo dúpẹ́, mo gbàgbé ẹ̀. Nígbà tí mo wá fẹ́ ṣe ìmpíláǹtì, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń rì mọ́ inú egungun, dókítà wo fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó mi orí. Ó ní egungun tí òun fẹ́ rì í mọ́ ti joro. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín náà pé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀.

Nítorí eyín ni egungun yẹn ṣe wà. Tí eyín bá ti kúrò, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kó o nílẹ̀. Láàárín oṣù 12, ó lè pàdánù nǹkan bí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀, oṣù 3 àkọ́kọ́ ló sì máa ń yá jù. Ẹ wo àgbàlagbà tí kò léyín mọ́, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe máa ń wọnú. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló fà á.

Láìsí egungun, ìmpíláǹtì ò lè dúró. Lọ́dún 1952, Per-Ingvar Brånemark, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, rí i pé irin titanium tí òun fi sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé kò ṣeé yọ mọ́. Ọdún 1965 ló fi irú irin yìí gbé eyín sí ẹnu èèyàn.

Fún ẹni tí egungun rẹ̀ ti joro, àlẹ̀mọ́ egungun wà. Greffe osseuse ni àwọn dókítà yín níbí ń pè é. Dókítà lè gé díẹ̀ nínú egungun ẹni náà fúnra rẹ̀, láti àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí ohun tí wọ́n nílò bá pọ̀, wọ́n lè mú un láti ìbàdí. Àwọn mìíràn ń lo egungun màlúù tí wọ́n ti fọ ẹran ara kúrò lára rẹ̀ pátápátá, tàbí ti òkú ẹni tó yọ̀ǹda rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́. Ẹ rántí bí àgbẹ̀ ṣe ń ri igi mọ́lẹ̀ kí ìtàkùn iṣu lè gùn ún. Igi yẹn ni àlẹ̀mọ́ náà. Egungun tiyín ló máa gùn ún.

Lókè, lápá ẹ̀yìn, ihò afẹ́fẹ́ kan wà lórí egungun eyín. Tí eyín bá kúrò, ihò náà lè sọ̀ kalẹ̀. Dókítà á ṣí fèrèsé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, á rọra gbé awọ inú ihò náà sókè, á sì kó àlẹ̀mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n sábà máa ń fi bo àlẹ̀mọ́ náà. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú òmíràn nínú rẹ̀. Èyí tó ti ara màlúù wá náà wà. Bóyá ẹ̀sìn gbà á fún ìtọ́jú, èmi kọ́ ni n óò dá ẹjọ́ yẹn. Àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ̀ kí wọ́n tó fi sí yín lẹ́nu.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú yín. Tí àyè tó joro bá kéré, wọ́n lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Tó bá pọ̀, ó sábà máa ń gba oṣù 4 sí 6 kí àlẹ̀mọ́ tó le, kí wọ́n tó ri ìmpíláǹtì. Sìgá àti àtọ̀gbẹ tí wọn ò kápá lè bà á jẹ́. Ẹ gba iye owó gbogbo rẹ̀ lákọsílẹ̀, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ohun tó dùn mí jù ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n fa eyín yọ gan-an, dókítà lè kó àlẹ̀mọ́ sínú ihò rẹ̀. Kò ní dá jíjoro náà dúró pátápátá, àmọ́ á dín in kù. Ìbéèrè kan péré ni mi ò bi dókítà.

Ẹni tí owó rẹ̀ ò ká a, eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ sínú omi lálẹ́ kì í ṣe ìtìjú. Ìyá mi àgbà fi tiẹ̀ jẹ ẹran dọ́jọ́ ikú.

Oṣù 5 ni èmi fi dúró. Eyín náà ti wà lẹ́nu mi báyìí. Ó yá, ẹ bi mí ní ìbéèrè yín. Ẹni tó bá fẹ́ fi Faransé béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ògbufọ̀.