Kí A Tó Pè É Ní Ọfà Ayé: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíya Àwòrán Ọkàn



Olùkọ́ ni wá, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ìsìnkú tí a ti lọ ní Oǹdó àti ní Akúrẹ́ ti pọ̀ ju èyí tí a fi lè dákẹ́. Ènìyàn a jẹun alẹ́ tán, a di àyà mú, a ní ìrora kan ń ya òun láti àyà dé ẹ̀yìn, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ bá a. Ariwo tí a ó máa gbọ́ ni pé ayé ti ta á lọ́fà.

Iṣan ńlá kan ń bẹ tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn. Ó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ gba àyà dé ikùn. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń bá a jà fún ọdún púpọ̀ láìsí ìtọ́jú, inú rẹ̀ lè ya. Èyí ni ó pa Ọba George Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1760, láàfin rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n la òkú rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀.

Lónìí, a kò ní láti la ènìyàn kí a tó rí inú rẹ̀. Ẹ́síréè tí Röntgen ṣàwárí ní Jámánì ní 1895 ń fi bí ọkàn ti tóbi tó hàn, ṣùgbọ́n òjìji lásán ni. Iṣan náà lè ti ya kí fọ́tò náà má sọ nǹkan kan. Ní 1953, Edler àti Hertz ní ìlú Lund, ní Sweden, fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo ọkàn. Ẹ́kò ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìyá wa mọ ẹbí rẹ̀: síkáànì tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún ni. Dókítà a máa rí àwọn ìlẹ̀kùn inú ọkàn bí wọ́n ti ń ṣí tí wọ́n sì ń padé, àti bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ògiri rẹ̀ nípọn. Kò lè rí gbogbo iṣan ńlá náà ṣá. Siti síkáànì, tí wọ́n ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn fún, ni ó ń fi í hàn láti òkè dé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkè òkun nìkan. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wà ní Oǹdó àti ní Akúrẹ́, ilé àyẹ̀wò tí a fi sọ orí Gani Fawehinmi sì wà ní Oǹdó níbí. Orúkọ náà yẹ ibẹ̀: olóògbé náà, tí ó kú ní 2009, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àìsàn mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú fún òun, títí àyẹ̀wò ní Lọ́ńdọ̀nù fi fi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró hàn.

Ohun tí ó ń dùn wá jù ni ìwé àyẹ̀wò tí a ká sínú Bíbélì. Dókítà kọ ẹ́kò fún akẹgbẹ́ wa kan ní Akúrẹ́. Ó ní bí owó oṣù bá dé, òun yóò lọ. Owó oṣù dé. Òun kò sí mọ́.

Nítorí náà a bẹ Ẹgbẹ́ wa: kí a yọ díẹ̀ nínú owó tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ìwé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ wọn tí agbára wọn kò ká a. Òrùlé gbọ̀ngán lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Orúkọ ẹni mẹ́ta wà lọ́wọ́ wa báyìí, a ó sì fi wọ́n lé Akọ̀wé lọ́wọ́ bí ìpàdé yìí bá ti túká.