Ìwọ̀ tí kì í nà: ọ̀rọ̀ admin lórí páálí olówó pọ́ọ́kú

Ẹ ń bi mí bóyá ká dáwó ra àwọn páálí ìwọ̀ tí ọkùnrin kan gbé wá sí Ọjà Ọba. Èmi ní ká dúró ná.

Àwọn oníbàárà wa tó ń ti Gelegele wá, ẹja ńlá ni wọ́n ń dẹ okùn fún. Bí ìwọ̀ bá nà gbọnrangandan, ẹja lọ, owó ìjẹ lọ, epo ọkọ̀ lọ. Ta ni wọ́n máa wá bá jà? Ìwọ tó tà á ni.

Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan. Lóòótọ́ 4/0 tóbi ju 1/0 lọ, àmọ́ nọ́ńbà ò sọ bí irin ṣe nípọn tó. Ẹ fọwọ́ pa ibi tó ti tẹ̀: èyí tí wọ́n lù pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń lágbára ju èyí tó rí roboto lọ.

Ẹ wá ki ẹnu rẹ̀ bọ igi, ẹ fi ẹ̀mú di ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ fà á (ẹ yẹjú o). Èyí tó là díẹ̀ tó padà sípò, òun la fẹ́. Èyí tó là tó dúró bẹ́ẹ̀, irin rẹ̀ rọ̀. Èyí tó kán, ó le jù, ìyẹn náà ò dáa.

Mustad tí wọ́n ń béèrè, ọdún 1877 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìwọ̀ ní Norway, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ sára páálí.

Ẹni tó bá fẹ́ dáwó, kó mú ìwọ̀ márùn-ún láti páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la, kí ọkùnrin yẹn tó wá gbowó. Ẹ̀mú wà níbẹ̀.