"Eré Ni, Sà": Ìdí Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Fi Ń Fi Fóònù Dójú Ti Ẹlẹgbẹ́ Wọn



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ìwé gíga kan tí mo ti kọ́ni, ọmọbìnrin kan láti Òkè-Àgbè dìde ka iṣẹ́ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ kíláàsì. Ẹ mọ Òkè-Àgbè: àdúgbò mẹ́rin nínú ìlú kan, Àfá àti Ògè lára wọn, tí èdè ilé wọn kì í sì í ṣe Yorùbá tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé. Ohùn ilé hàn nínú ìkàwé rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọkùnrin kan ti gbà á sílẹ̀, ó sì ti fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yìí kò la ẹnu mọ́ ní kíláàsì. Nígbà tí ó ṣe, kò wá mọ́. Mo ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin náà. Èsì rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Eré ni, sà."

Ní 2004, John Suler, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àìdánimọ̀ àti àìrí ojú ara ẹni wà lára ohun tí ń tú ìjánu ẹnu ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti àkọ́kọ́ kò bá ọ̀rọ̀ wa mu: orúkọ àti nọ́ńbà ọmọkùnrin náà hàn gbangba. Kò sá pamọ́. Ó fẹ́ kí a rí òun ni. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé sílẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó mọ baba rẹ̀, ẹ̀rín ẹgbẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ di ènìyàn. Ojú ọmọbìnrin náà ni kò rí.

Yẹ̀yẹ́ kì í ṣe tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Gbọ̀ngàn Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tàbí ti Azikiwe ní Ìbàdàn, ẹ mọ aro, orin tí àwọn ọkùnrin fi ń bú ẹni tí ń kọjá lọ. (Èmi náà ti gba ẹ̀yìnkùlé rí nítorí rẹ̀.) Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ aro ń rí ojú ẹni tí wọ́n ń bú, bí omijé bá yọ, ẹnì kan lè ní ó tó. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, orin ti lọ. Eré yìí kan náà ni wọ́n gbé wọ inú fóònù, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í mọ́, tí a sì ń ka ẹni tí ó dákẹ́ kún ẹni tí ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan ní kí a pe ọlọ́pàá. Lóòótọ́, apá 24 nínú òfin ọ̀ràn orí ẹ̀rọ ti 2015 ka ìwọ̀sí mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní 2022 pé ó tako ẹ̀tọ́ àtisọ̀rọ̀, àtúnṣe 2024 sì dín in kù sórí àwòrán ìhòòhò àti irọ́ tí ó lè da ìlú rú tàbí tí ó lè fi ẹ̀mí wewu. Èyí tí ọmọkùnrin náà fi ránṣẹ́ kì í ṣe irọ́. Ohùn ọmọbìnrin náà gan-an ni.

Mo ní kí ó gbọ́ ọ níwájú mi láìrẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì ní òun yóò pa á rẹ́. Mo bi í pé fóònù mélòó ni ó ti wà. Kò mọ̀.