Aláìnílé Tó Dá Wà: Iṣẹ́ Tó Kan Ẹgbẹ́ Aláàánú ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́ àti Àjàṣẹ́-Ìpo, ìbí ló ń fún ọmọ ìlú ní ibi tí yóò sùn, kì í ṣe owó. Ẹni tí wọ́n bí sí agbo ilé kò ní í wá àyè tì níbẹ̀, ì báà ṣe igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún un. Dálémoṣú tó kẹ́rù kúrò nílé ọkọ ń padà sí ilé baba rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àlejò tó bá wọ̀lú, wọ́n á fà á lé onílé kan lọ́wọ́, onílé náà ni yóò sì máa dáhùn fún un bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Ètò yìí lágbára. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjòjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló padà wálé, ọ̀dọ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ wọn sì forí lé.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni agbo ilé kọ́kọ́ ń bi ènìyàn: ọmọ ta ni ọ́? Ẹni tí kò rí èsì fọ̀ sí i ni aláìnílé ní ilẹ̀ yìí. Irú wọn ni alágbàṣe oko tó ti òkèèrè wá ní ọ̀dọ́, tó darúgbó síbẹ̀ láìbímọ. Obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn, tí àwọn ọmọ ọkọ lé jáde. Ọkùnrin tó lọ sí Èkó, tí kò yọjú sílé títí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi kú tán. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń dà láàmú. Wọn kì í pọ̀ lójú kan bí àwọn abẹ́ afárá Èkó. Iwájú ṣọ́ọ̀bù, gáréèjì àti inú ìsọ̀ ọjà ni wọ́n ń sùn, wọ́n á sì ti dìde kí oníṣọ́ọ̀bù tó dé. Ìyẹn ló fi rọrùn fún ìlú láti sọ pé irú wọn kò sí.

Kì í ṣe ilé ló wọ́n. Ilé tí àwọn tó wà ní Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù kọ́ sílé, tí wọn kì í ṣí àfi nígbà Kérésì tàbí Iléyá, kò kéré. Ohun tó ń ti aláìnílé síta ni ohun tí onílé ń béèrè: owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, owó àgírímẹ́ǹtì, owó ajẹ́ǹtì, àti onídùúró. Ẹgbẹ́ aláàánú lè fi owó ìtọrẹ san mẹ́ta àkọ́kọ́. Onídùúró ni wàhálà, nítorí ẹni tó dá wà kò lẹ́ni tí yóò fọwọ́ síwèé fún un, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta fi èyí hàn kedere. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó gbajúmọ̀ káyé níbẹ̀. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, inú ilé àwọn ará abúlé tó yí Arò ká ni wọ́n fi wọ̀ sí, tí wọ́n ti ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání tí yóò máa dáná, tí yóò máa fọṣọ, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba oògùn. Ìlànà yìí wà lára ohun tó mú ètò náà yọrí. Òun náà ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò lẹ́bí.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1977 lórí àìnílé ṣe ohun tó jọ ọ́. Olómọ, aboyún, arúgbó àti aláìlera ni ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ilé fún. Ẹni tó dá wà, tára rẹ̀ le, ìmọ̀ràn ni wọ́n fún un. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Crisis, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, àti Centrepoint, tó bẹ̀rẹ̀ ní Soho ní 1969 fún àwọn ọ̀dọ́, ló ń dí àlàfo náà. Òfin 2017 ti fẹ ojúṣe ìjọba dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dá wà, àmọ́ ọmọ Yorùbá tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò fàyè gba ìrànwọ́ ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rẹ́.

Ti Fínláńdì ló bá ilẹ̀ Ìgbómìnà mu jù, bí òtútù ibẹ̀ tilẹ̀ lè mú kéèyàn jiyàn rẹ̀. Láti 1985 ni ẹgbẹ́ Y-Säätiö ti ń ra ilé kéékèèké káàkiri ìlú, tó ń fi wọ́n háyà fún àwọn tó dá wà. Láti 2008, ìjọba wọn gbà pé ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn, kí wọ́n má dúró dìgbà tó bá jáwọ́ nínú ọtí. Aláìnílé tó lé ní 15,000 níbẹ̀ ní 1987 kò pé 4,000 mọ́ ní 2022.

Ní Nàìjíríà, abala 16 ìwé òfin 1999 ní kí ìjọba pèsè ibùgbé tó yẹ fún ará ìlú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Kíkó àwọn aláìnílé jọ sí ilé ńlá kan kò sì yẹ ìlú kékeré. Orúkọ tí ìlú bá sọ ilé bẹ́ẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ẹni tó gbé inú rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ gba yàrá kọ̀ọ̀kan káàkiri lórúkọ ara rẹ̀, kí baálé àdúgbò mọ̀ sí i, kí wọ́n sì máa sanwó fún aládùúgbò kan láti máa yọjú lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ẹbí tí Lambo béèrè nìyẹn. Ẹni tó nílò oògùn ọpọlọ, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Wíwá ẹbí kàn dára, bí ẹni náà bá yọ̀ǹda; dídá obìnrin tí wọ́n pè lájẹ̀ẹ́ padà sí ilé tí wọ́n ti lù ú kì í ṣe àánú.

Ó ku ìsìnkú, tó wúwo níbí ju owó ilé lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sin òkú wọn sínú ọgbà ilé. Ayálégbé kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù pé òkú lè já lé òun lọ́wọ́ sì wà lára ohun tó ń mú onílé béèrè onídùúró. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n fún arúgbó tó dá wà ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ ti bá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ìlú ṣe àdéhùn ilẹ̀ ìsìnkú nínú ìwé, kí ó sì ka owó rẹ̀ mọ́ ìṣirò ọdún kìíní, pẹ̀lú owó ilé àti owó oògùn.