Ìṣubú Náírà àti Owó Ìtọ́jú Aláìsàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọrọ̀ ìlú bá ti dojú rú, ìlera gan-an a di ohun tí tálákà kò lè rà.

Láàrin ọdún 1979 sí 1983, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà nínú ètò mẹ́rin tí ìjọba ẹgbẹ́ UPN gbé kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, àpò ìjọba gbẹ. Ní ọdún 1986, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP dé. Náírà kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là kan dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ṣubú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lé ní 20 náírà sí dọ́là kan ní ọdún 1993. Owó káàdì, owó àyẹ̀wò àti owó àsansílẹ̀ sì gbilẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Irú rẹ̀ tún ti ṣẹlẹ̀. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú èròjà oògùn ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Oògùn tí àwọn oníkọ́ fée ń fà sínú sì di ọ̀wọ́n gógó. Owó oṣù tí kò ra nǹkan mọ́ ń lé dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sókè òkun.

Kí ni aláìsàn wá ń ṣe? Ẹni tí a ní kí ó lo oògùn ọjọ́ méje a ra ti ọjọ́ mẹ́ta. Àrùn kò ní tán, kòkòrò rẹ̀ a sì máa borí oògùn. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru a dá oògùn dúró nítorí pé kò síbi tí ń dùn ún, títí àrùn rọpárọsẹ̀ yóò fi gbé e ṣubú.

Gbòǹgbò ìṣòro náà nìyí: nínú 100 náírà tí a ń ná sí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn san. Ọjọ́ tí ènìyàn kò lè ṣiṣẹ́ gan-an ni a ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ètò ìlera adójútòfò ni a fi ń gba ara sílẹ̀. Ó jọ àjọ: ẹni tí ara rẹ̀ le ń dá owó tí a ó fi tọ́jú ẹni tí ó ṣàìsàn. Ní ọdún 2005 ni ó bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó sì kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò tíì sí níbẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, káàdì nìkan kò tó. Bí oògùn bá gbówó lórí tí owó tí à ń san fún ilé ìwòsàn kò sì pọ̀ sí i, a ó kàn máa sọ fún oníkáàdì pé oògùn ti tán ni. Ìjọba kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Ní ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí ní Àbújá pé ìdá 15 nínú 100 owó ìsúnná ni ìlera yóò máa gbà. Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wọ ètò ìpínlẹ̀ wọn lápapọ̀, kí wọ́n sì máa fi ohùn kan béèrè ohun tí a ṣèlérí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.