Agbára Ẹ́ńsáìmù, àti Ìdí tí Kò Fi Yẹ Kí A Kánjú Lórí Ẹ̀gẹ́



Kò sí ilé kan láàrin wa tí a kò ti mọ gàrí, fùfú àti láfún. Síbẹ̀ ìwọ̀nba ni àwọn tí ń béèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tí a bá ti rin ín títí di ìgbà tí ó bá dé inú àwo. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé nínú. Ohun tí àwa fẹ́ bá yín sọ ni ti òṣìṣẹ́ kan tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ẹ̀gẹ́ náà, ẹni tí ó lè tú májèlé yìí sílẹ̀ kí ó bá afẹ́fẹ́ lọ, bí àwa bá fún un ní àyè.

Irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Nínú gbogbo ohun alààyè ni wọ́n wà. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ohun kan tètè yípadà di òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kì í run nínú iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá parí ọ̀kan, wọn a tún gbá òmíràn mú. Nínú ẹ̀gẹ́, a so májèlé náà mọ́ ṣúgà, orúkọ àsopọ̀ náà sì ni linamarin. Ẹ́ńsáìmù tí ń já ìdè wọn ni linamarase. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ṣùgbọ́n yàrá wọn kò pọ̀: linamarin wà nínú àpò inú ihò kéékèèké ara ẹ̀gẹ́, linamarase sì wà lára ògiri rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà ní odidi, wọn kì í pàdé. Ìgbà tí a bá rin ín ni ògiri wó, tí wọ́n sì pàdé. Nígbà náà ni linamarase yóò já ṣúgà kúrò. Ìyókù yóò sì tú ká, sáyánáìdì yóò jáde. Ìwọ̀n ooru 26 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ti tó láti sọ sáyánáìdì yìí di ooru tí ń fò lọ.

Kíyèsí ohun méjì nípa òṣìṣẹ́ yìí. Èkíní ni pé kì í ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1894, Emil Fischer ará Jámánì mú àsopọ̀ ṣúgà méjì tí ó jọ ara wọn gidigidi, àfi pé ìdè ọ̀kan kọjú sí apá kan, ti èkejì sì kọjú sí apá kejì. Ẹ́ńsáìmù inú álímọ́ńdì já ọ̀kan, kò sì fọwọ́ kan èkejì; ti inú ìwúkàrà já èkejì, kò sì fọwọ́ kan ti ìṣáájú. Fischer wí pé bí kọ́kọ́rọ́ ti bá àgádágodo rẹ̀ mu ni ọ̀ràn náà rí. Ti álímọ́ńdì ni linamarase ẹ̀gẹ́ fi jọ. Ní ọdún 1958, Daniel Koshland ará Amẹ́ríkà fi kún un pé àgádágodo yìí kì í ṣe irin líle: a máa ká mọ́ ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ ti ń ká mọ́ ẹyin.

Èkejì ni agbára rẹ̀. Irú ìdè tí ó so ṣúgà mọ́ ṣúgà nínú igi le púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1998 pé bí a bá fi í sílẹ̀ nínú omi lásán, kí ìdajì rẹ̀ tó já yóò gba nǹkan bí mílíọ̀nù 5 ọdún. Ẹ́ńsáìmù a máa já irú ìdè bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú akàn, láìdá iná, láìlo ásíìdì líle. Báwo ni? Ìdè tí yóò já gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun òkè kan. Lórí òkè náà ni ó ti tẹ̀, tí kò tí ì já. Linus Pauling là á yé wa ní ọdún 1946 pé ohun tí ó tẹ̀ lórí òkè yẹn gan-an ni ẹ́ńsáìmù bá mu jùlọ, kì í ṣe ohun tí ó ṣì jókòó ní ìsàlẹ̀. Nípa dídì í mú níbẹ̀, ó sọ òkè gíga di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Linamarase ní apá kékeré méjì fún iṣẹ́ yìí: ọ̀kan fi háídírójìn bíńtín dẹ ìdè náà, èkejì di ṣúgà mú fún ìgbà díẹ̀, títí omi yóò fi dé láti dá a sílẹ̀. Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí rí.

Ṣùgbọ́n oníwà pẹ̀lẹ́ ń fẹ́ ìpàdé, ó sì ń fẹ́ àkókò. Bí a bá se ẹ̀gẹ́ kíkorò ní odidi, iná yóò ba ìrísí linamarase jẹ́ kí ó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Linamarin, tí iná kò tètè bà jẹ́, yóò sì kù síbẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń rin ín kúnná, tí a fi ń jẹ́ kí ó kan, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì ń yan án: rínrin mú ọ̀tá méjì pàdé, fífún àti yíyan sì lé ohun tí ó kù jáde. Ní ti fùfú àti láfún, rírẹ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń wó ògiri.

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan. Ní ọdún 1981, nígbà ọ̀dá ní apá àríwá Mòsáḿbíìkì, ó ju 1,000 ènìyàn lọ, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù, tí ẹsẹ̀ wọn le gbagidi lójijì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a kò ṣe dáradára ni wọ́n ń jẹ, láìsí ẹja tàbí ẹ̀wà tí ó tó. Kóńsò ni a ń pe àrùn náà, ẹsẹ̀ tí ó bá sì mú kì í padà bọ̀ sípò. Ní Bandundu ní ilẹ̀ Kóńgò, àwọn olùwádìí kọ̀wé ní ọdún 1992 pé nígbà tí ọjà ẹ̀gẹ́ gbòòrò, àwọn kan gé ọjọ́ rírẹ láti mẹ́ta sí ọ̀kan, kí owó lè tètè wọlé. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni kóńsò ti dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa tí ń ṣe gàrí, àti ẹ̀yin tí ń tà á, àwa bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fi ọjọ́ kan jàǹfààní lórí ara aládùúgbò yín. Ẹni tí ó ra gàrí kò lè fi ojú rí bóyá iṣẹ́ náà parí. Ọwọ́ yín ni ó fi ara rẹ̀ lé. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kékeré yìí parí iṣẹ́ rẹ̀. Àmín.