Àyè Tí A Fi Sílẹ̀ Nínú Fọ́tò

Ẹnì kan lè béèrè ohun tí ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ fọ́tò. Èsì mi kò gùn. Bí a bá ní ‘Ìyá sebẹ̀’, a ti pa fáwẹ̀lì kan jẹ, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ‘ọbẹ̀’ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayafọ́tò tí ó mọṣẹ́ ṣe ń gé nǹkan kúrò nínú àwòrán.

Èrò kan wà tí n kò fara mọ́, pé fọ́tò tí òfìfo gbilẹ̀ nínú rẹ̀ ṣàjèjì sí ojú wa. Irú èyí tí Hiroshi Sugimoto, ará Japan, bẹ̀rẹ̀ sí yà ní 1980, tí ó jẹ́ kìkì òkun àti òfurufú. Mo mọ ohun tí ó fa èrò náà. Fọ́tò àgbà tí a máa ń gbé kọ́ sára ògiri láti Mápó dé ìhín kì í fi àyè ṣòfò: àgbà jókòó, ó kọjú sí wa, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, agbádá rẹ̀ fẹ́ dé etí fọ́tò. Bàtà pàápàá hàn. Ta ni yóò gé bàbá rẹ̀ kù?

Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ J. D. ’Okhai Ojeikere (1930–2014). Ọmọ Emai ní ilẹ̀ Ẹdó ni, àmọ́ Ìbàdàn níhìn-ín ni ó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn Iléeṣẹ́ Ìròyìn ní 1954. Ní 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun obìnrin, àwọn fọ́tò náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà ń yà. Ó fi ojú pa mọ́, ó gé ara kù sí ọrùn tàbí èjìká, kò sì fi ohunkóhun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ‘Onílé gogoro’ tí ó yà ní 1975, òfìfo ni ó jẹ́ kí a rí bí irun náà ti ga tó. Orúkọ irun ni ó sì sọ òfìfo yẹn di ojú ọ̀run tí ilé gogoro nà sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé e kọ́ sára ògiri funfun nílùú òyìnbó láìkọ orúkọ irun náà sí i ti gé e lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí ó dun fọ́tò náà jù ni ó sì gé.

Ọ̀nà kejì tilẹ̀ jinlẹ̀ jù báyìí lọ. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ohun tí ó rí lọ́wọ́ àwọn ayafọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a ya èyí tí ó kù, wọn a sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tí ó kù a wọ aṣọ tirẹ̀, a sì tún wọ ti èkejì. Nígbà tí a bá ń tẹ apá kìn-ín-ní, a ní láti bo apá kejì kí ìmọ́lẹ̀ má baà kàn án. Àyè olóògbé nìyẹn, lófìfo, lọ́wọ́ ayafọ́tò nínú òkùnkùn.

Àlejò tí ó bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò ka ọmọ méjì. Bí ẹ bá ní in nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wá ya ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má gé etí rẹ̀ kí ó lè wọ férémù. Ẹ sì bá wa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé, àti èwo nínú wọn ni ó jókòó fún fọ́tò.